Òfin ti gbà ká fi irinṣẹ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ dógò: ta ló ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ní Rore?

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti wọ báńkì lọ láti yáwó mọ̀ dáadáa. Oníṣòwò lè ṣàlàyé òwò rẹ̀ títí, kó sọ iye tó ń pa lọ́sẹ̀, kó ka àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ báńkì yóò máa mi orí, yóò máa kọ̀wé, nígbà tó bá sì yá, yóò béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi dógò?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ìlú bíi Rore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tó wà ní agbègbè rẹ̀, láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́, a kò lè sọ pé àwọn èèyàn kò ní nǹkan. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní oko, wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá kọ́, gbogbo ọmọ ló ni ín. Oko ẹbí, ẹnì kan kò lè dá a tà. Báńkì kò sì ní í yáni lówó lórí ohun tí kò ní lè tà bí gbèsè bá kọ̀ tí kò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nínú ìwé òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́. Láti ọdún 2017 wá, ìjọba àpapọ̀ ti ṣe àwọn òfin kan tó fi hàn pé ilẹ̀ àti ilé nìkan kọ́ ni èèyàn lè fi dógò. Ẹ̀rọ, ọkọ̀, ẹran ọ̀sìn, irè oko, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ni, títí kan orin tí èèyàn kọ, ìwé tó ṣe, àti àmì tó fi ń dá ọjà rẹ̀ mọ̀, gbogbo wọn ni òfin gbà pé wọ́n lè dúró fún owó. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ohun tí àǹfààní yìí jẹ́ gan-an fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tó wà ní Rore, àti ewu tó wà nínú rẹ̀. Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn, ìwé sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní lè wọlé. Ẹni tó bá sì fi ìkánjú bu ọwọ́ lùwé lè wọlé tòun ti iṣẹ́ rẹ̀, kó sì jáde ní ọwọ́ òfo.

Ká tó dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ìdí tí báńkì fi máa ń bẹ̀rù ilẹ̀ ìgbèríko. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1978, ni ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Land Use Act. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ tàbí tó fẹ́ fi dógò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Lọ́dún 1989, ẹjọ́ kan dé iwájú Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, láàárín Savannah Bank àti ọ̀gbẹ́ni Ajilo. Ilé ni wọ́n fi dógò, wọ́n yá owó lé e lórí, owó kò sì padà. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà, ẹni tó yáwó ní kò ṣeé tà, nítorí gómìnà kò fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n fi dógò. Àwọn adájọ́ wo ohun tí òfin sọ, wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé ìwé ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni báńkì ti mọ̀ pé ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé kò yàtọ̀ sí àlá. Bí ilẹ̀ tó ní ìwé bá sì lè fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ilẹ̀ ẹbí tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan lé lórí rí, tó jẹ́ pé igi pèrègún ni ààlà rẹ̀?

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀ nípa owó yíyá. Kó tó di pé oko kòkó sọ ilẹ̀ di ohun ìdógò ní àwọn apá ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ara ni wọ́n fi ń dógò. Ẹni tó bá yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, kò sì sí ìtúsílẹ̀ àfi ìgbà tí owó bá pé. Ológò náà wà, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 bí ológò ṣe máa ń da agbo ilé rú títí àwọn ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ìjọba òyìnbó fi òfin lé ìwọ̀fà lọ, àjọ àti èésú ló sì kù fún wa títí di òní. Àjọ dára, ó ti kọ́lé, ó ti rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn lè rí nínú àjọ kò lè ju èyí tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbọ́dọ̀ rí owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé fún Ààrẹ Muhammadu Buhari nígbà náà, bu ọwọ́ lu òfin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni òfin lórí fífi ohun tó ṣeé gbé dógò, Secured Transactions in Movable Assets Act. Èkejì ni òfin lórí ìròyìn gbèsè, Credit Reporting Act. Òfin àkọ́kọ́ ló dá ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́lá, èyí tí Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, ti gbé kalẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, tí wọ́n ń pè ní National Collateral Registry. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé náà wà. Bí ayánilówó bá fẹ́ gba ẹ̀rọ tàbí ọjà ní ìdógò, òun àti ẹni tó ń yáwó yóò kọ àdéhùn sílẹ̀, wọn yóò bu ọwọ́ lù ú, ayánilówó yóò sì fi orúkọ ohun náà sínú àkọsílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ló ni ipò iwájú. Bí ẹlòmíràn bá wá yáni lówó lórí ohun kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò tò sí.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ṣe gàrí ní Rore ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ẹ̀rọ tó ń lọ pákí, ó ní èyí tó ń fún omi rẹ̀, ó ní agbada ńláńlá tó fi ń yan gàrí, ó sì ní àwọn oníbàárà ní Ìlọrin tó ń kó ọjà lọ láwìn. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, gbogbo èyí kò já mọ́ nǹkan kan lójú báńkì, nítorí kò ní ilé tó ní ìwé. Lábẹ́ òfin 2017, ẹ̀rọ náà lè dúró, gàrí tó wà nínú àpò lè dúró, kódà owó tí àwọn ará Ìlọrin jẹ ẹ́ lè dúró. Ṣùgbọ́n báńkì yóò béèrè ohun mẹ́ta: ìwé ìràjà ẹ̀rọ náà dà? Ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà tí ẹ ń tà dà? Ìwé wo ló sì fi hàn pé àwọn ará Ìlọrin jẹ yín ní gbèsè? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan lòun ti ra ẹ̀rọ, tí kò fún òun ní ìwé, pé inú orí lòun ń ka owó sí, a jẹ́ pé ibi tí òfin 2017 bá a náà ló fi í sílẹ̀ sí.

Bí ó bá sì ní gbogbo ìwé yìí, kó má ṣe rò pé àǹfààní nìkan ló wà níbẹ̀. Òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù náà ló ṣe ìrésà. Òfin tó jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣeé fi yáwó náà ló jẹ́ kí ó rọrùn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó kò bá wọlé nígbà tó yẹ, ayánilówó lè fún un ní ìwé ìkìlọ̀, kó sì wá gbé ohun ìdógò lọ láì kọ́kọ́ lọ sílé ẹjọ́. Òfin sì gbà pé kó wá ìrànlọ́wọ́ ọlọ́pàá. Lóòótọ́, òfin kan náà sọ pé bí wọ́n bá ta ohun náà, tí owó rẹ̀ ju gbèsè lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ìyókù padà fún onígbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìlọ-pákí rẹ̀ lọ, kí ni yóò fi ṣiṣẹ́ kó tó rí ìyókù náà gbà? Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí èèyàn fi ilé tó ń gbé dógò àti kó fi ohun tó fi ń jẹun dógò. Ẹni tó pàdánù ilé lè lọ háyà yàrá, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó pàdánù irinṣẹ́ ti pàdánù ohun tí ì bá fi san gbèsè náà gan-an.

Òfin kejì tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ní Òmù-Àrán, tó sáré lọ yá òmíràn ní Èkó, wọn yóò ti rí i lórí kọ̀ǹpútà kó tó jókòó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ni CBN sì ti fi ìlànà kan kún un, tí wọ́n ń pè ní GSI, èyí tó jẹ́ kí báńkì tí èèyàn jẹ lówó lè yọ owó náà nínú àkáǹtì yòówù tó bá ní sí báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN rẹ̀. A kò sọ pé èyí burú. Ọ̀pọ̀ báńkì ló kọ́gbá sílé ní orílẹ̀-èdè yìí rí nítorí àwọn tó yáwó tí wọn kò dá a padà, owó àwọn tálákà ló sì bá wọn lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ yáwó lónìí mọ̀ pé ibi ìsápamọ́ ti tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí ojú kò rí. Òfin 2017 kò dá ohun tí a lè fọwọ́ kàn nìkan mọ̀. Ó tún kan ohun-ìní tí kò ní ara, iṣẹ́ ọpọlọ sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin méjì mìíràn tẹ̀ lé e láàárín oṣù méjì. Ní oṣù kejì, ọdún 2023, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ń mú òwò rọrùn, Business Facilitation Act. Òfin àmì ọjà ti ọdún 1965 kò dárúkọ ju ọjà lọ. Èyí tuntun ló fi iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún oníbàárà kún un, ó sì fi bí wọ́n ṣe ṣe ọjà àti bí wọ́n ṣe dì í kún un. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2023 kan náà, ló bu ọwọ́ lu òfin kópíráìtì tuntun, èyí tó rọ́pò ti ọdún 1988. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìtánràn ẹni tó bá ṣe ayédèrú iṣẹ́ ẹlòmíràn kò ju N1,000 lọ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Èyí tuntun sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní N10,000 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún márùn-ún, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó tún fún oníṣẹ́ ní àyè láti fi ìwé pàṣẹ pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹnì kan bá gbé e síbẹ̀ láì gba àṣẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan Rore nínú èyí. Ó kàn án púpọ̀. Olórin tó ń kọrin níbi òkú àti ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bó bá ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà, kò nílò ìwé àṣẹ kankan kó tó di tirẹ̀. Bákan náà ni ti olùkọ́ tó kọ ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, àti ti ọ̀dọ́ tó ń ya fídíò ọdún eégún Ẹlẹ́wẹ̀. Ẹ̀tọ́ olùkọ̀wé àti olórin yóò wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ogún ni fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àmì ọjà yàtọ̀ sí èyí. Obìnrin tó ń ta gàrí yẹn, bó bá ya àmì sára àpò rẹ̀, tí kò sì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, tí ẹlòmíràn bá jí i lò, yóò ṣòro fún un kó tó lè fi hàn nílé ẹjọ́ pé òun ló ni ín. Bó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún méje àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 sì ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó kéré tán èèyàn méjì ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn ní ẹ̀tọ́ kò sọ pé yóò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn King Sunny Adé tó wa láti fi kọ́gbọ́n. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ló ti ń kọrin fún ilé-iṣẹ́ African Songs, ti Olóyè Bọ́láńrinwá Abíọ́rọ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ní 1974, àwọn méjèèjì túká, Sunny sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orin tó ti kọ sílẹ̀ kò tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn orin àtijọ́ wọ̀nyẹn àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tà wọ́n ló tún gbé wọn dé Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, níbi tí ẹjọ́ náà ti lò ju ogún ọdún lọ. Ọdún 2020 ni Adájọ́ Maureen Onyetenu tó dájọ́ pé kí wọ́n san N500 mílíọ̀nù fún un. Ó jàre, inú gbogbo olólùfẹ́ rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: bí ọba jùjú, tó lówó, tó lórúkọ, tó ní lọ́yà, bá lè lo irú àkókò bẹ́ẹ̀ kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí olórin tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òmù-Àrán ló ti bu ọwọ́ lu bébà tí kò kà?

Ẹ̀yà kejì ìtàn náà ni ti Ọládípọ̀ Yemitán, òǹkọ̀wé tó ṣàkójọ ìjálá àwọn ọdẹ. Ìwé ìròyìn kan tẹ àròkọ rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Daily Times tún un tẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1980, nítorí kò sí ìwé kankan tó fi gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìlànà tó gbà á là nígbà náà ṣì wà nínú òfin tuntun: kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àfi kó wà nínú ìwé. Ààbò ni èyí jẹ́ fún ẹni tí kò bu ọwọ́ lu nǹkan kan. Fún ẹni tó bá sì ti bu ọwọ́ lùwé, ìwé náà ni yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín kí èèyàn fi iṣẹ́ rẹ̀ dógò, kí èèyàn yá ẹlòmíràn lò fún ìgbà díẹ̀, àti kí èèyàn tà á pátápátá. Bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra lójú ẹni tí kò fara balẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ ọpọlọ tilẹ̀ lè mú owó jáde ní tòótọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Ní 1997, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Bowie, gba dọ́là mílíọ̀nù 55 lórí owó tí àwo orin rẹ̀ 25 yóò máa mú wọlé. Ilé-iṣẹ́ abánigbófò Prudential ló fún un ní owó náà. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni pé wọn kò tìtorí pé orin rẹ̀ dùn fún un lówó. Ìwé tó fi hàn iye tí orin wọ̀nyẹn ti ń mú wọlé lọ́dọọdún ni wọ́n wò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iyì ìwé owó náà já wálẹ̀, ó sì wà ní etí bèbè ní 2004. Bí ó ṣe rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí òfin ti múná. Báńkì tó wà ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń ta ayédèrú fíìmù ní gbangba lẹ́bàá ọ̀nà, kò jẹ̀bi bó bá ń ṣiyèméjì. Bó bá gba orin ní ìdógò, tí olórin kò sì rí owó san, ta ni yóò tà á fún?

Ìjọba ti gbìyànjú láti di àlàfo yìí. Ní 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde dọ́là mílíọ̀nù 200 fún àwọn eléré. Ní 2019, CBN àti àwọn báńkì gbé ètò kan jáde fún àwọn onífíìmù, olórin, aránṣọ àti àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú èlé tí kò ju ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù lè gbà tó N50 mílíọ̀nù. Ètò tó dára ni lójú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ìlú ńlá ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí. Ní ìparí 2023, gómìnà tuntun fún CBN, Yemi Cardoso, ní báńkì náà yóò fà sẹ́yìn nínú irú ètò owó yíyá wọ̀nyí. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2024, CBN gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn báńkì sì ń lé tiwọn sórí rẹ̀. Òwò wo ni obìnrin onígàrí yóò ṣe tí yóò san irú èlé bẹ́ẹ̀, tí yóò ṣì jẹun? Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi òfin tó dára tan ara wa jẹ. Òfin lè jẹ́ kí ohun ìní ṣeé fi dógò. Kò lè mú kí owó pọ́n rọrùn láti san.

Àwọn ará ilé wa tó wà ní Kétu àti Pọbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ohun kan tí a lè wò. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, ọdún 2010, ni òfin àjùmọ̀ní OHADA, tí Benin àti Togo wà lábẹ́ rẹ̀, ti dárúkọ iṣẹ́ ọpọlọ ní kedere láàárín ohun tí èèyàn lè fi dógò. Bí oníṣòwò wọn bá sì forúkọ àmì ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ àjọ OAPI, àmì náà ti dúró ní orílẹ̀-èdè 17. Èyí tó bá forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, ẹnubodè Nàìjíríà ló parí sí. Bí ọjà Ìgbómìnà bá ń dé Cotonou, àbùkù lèyí jẹ́ fún wa, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa gbé e yẹ̀ wò.

Kò sì dára ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọpọlọ ní ilẹ̀ yìí ká má dárúkọ Ẹ̀sìẹ́. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó gbẹ́ wọn, kópíráìtì wọn kò sì lè sí lónìí. Ṣùgbọ́n òfin dáàbò bo iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé àwùjọ, ó sì kan ère. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n pawó lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti gba àṣẹ náà? Òfin ní ọ̀dọ̀ àjọ kópíráìtì ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn NCC. Kò ní ọ̀dọ̀ ìlú tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tọ́jú wọn. Bí ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan bá fẹ́ tẹ àwòrán ère Ẹ̀sìẹ́ sára aṣọ, ó yẹ kí ìlú rí ìpín tirẹ̀ nínú owó náà. Ohun tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú wọn nìyí.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀ lónìí, kódà bí kò bá ní í yáwó títí ọdún márùn-ún. Ìwé ìràjà ẹ̀rọ, ìwé ìtajà ojoojúmọ́, àkáǹtì tí owó ọjà ń gbà kọjá, àwọn ni báńkì yóò fi mọ̀ pé òwò wà. Èkejì, kí olórin àti òǹkọ̀wé tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì fi tó NCC létí, nítorí bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan, ẹ̀rí ni. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irinṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo dógò. Kí ó fi ọjà tàbí owó tí wọ́n jẹ ẹ́ dúró ná. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ àlòkù béèrè bóyá wọ́n ti fi dógò, kó sì wo àkọsílẹ̀ CBN kó tó sanwó. Ẹ̀karùn-ún sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Kò wúlò kí òfin wà lórí kọ̀ǹpútà ní Àbújá nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò mọ̀ pé ó wà. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Òmù-Àrán, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè wa, tó lè ba èèyàn ka àdéhùn kó tó bu ọwọ́ lù ú, tó lè ba a forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀, yóò ṣe oore ju ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà lè ṣe é, nítorí owó tí ẹgbẹ́ yá ní orúkọ gbogbo wọn máa ń rọrùn láti san ju èyí tí ẹnì kan dá yá lọ.

Láyé ìwọ̀fà, ọwọ́ ọmọ ni wọ́n fi ń san èlé. Òfin ti sọ pé ẹ̀rọ àti ọpọlọ lè dúró dípò ọmọ, ìlọsíwájú sì ni. Ṣùgbọ́n ológò kò tíì kú. Ó ti di orúkọ nínú kọ̀ǹpútà, BVN wa ló sì fi ń tọpa wa. Ẹni tó bá mọ èyí, tó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ka tàwọn ẹlòmíràn kó tó bu ọwọ́ lù ú, lè dá òṣìṣẹ́ báńkì lóhùn lọ́jọ́ tó bá bi í pé kí ló fẹ́ fi dógò. Ẹni tí kò bá ní ìwé, kí ó fi àjọ rẹ̀ ṣe é ná, kó sì lọ ra ìwé ìkọ̀ṣírò kan lọ́jà Òmù-Àrán kí ọjọ́ tó ṣú.